Ibùdó Ìdìbò Wa Tó Wà Nínú Òkun

Obe-Jọọlá,
lẹ́bàá Abereke,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
14 Oṣù Kẹta, 2022.

Ìtẹ́olúwakìṣí ọma mi,

O kú òtútù o. O kú ìfaradà àwọn òyìnbó àti ojú ọjọ́ wọn. Ara mi le, eékún nìkan ló ń bá mi jà, èmi àti òun sì ti jọ ń gbé pọ̀ tipẹ́. Ẹja ò fi bẹ́ẹ̀ wọ àwọ̀n lóṣù yìí, ṣùgbọ́n edé pọ̀, mo sì ti ya tìrẹ sọ́tọ̀ títí ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín yóò fi yọjú. Láídì ìyàwó Muzammil, tó ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ná ọjà Ìgbókọ̀dá, ló ń bá mi mú lẹ́tà yìí lọ. Ibẹ̀ ni yóò ti yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ wa kì í jókòó bá ẹnikẹ́ni. Má sọ fún mi mọ́ pé kí n máa sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo bá fẹ́ kó dúró, kíkọ ni mo máa ń kọ ọ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀. Ọ́fíìsì elétò ìdìbò kọ̀wé sí Kọ́lájọ, olórí abúlé wa, pé àwọn fẹ́ pa ibùdó ìdìbò wa rẹ́. Wọ́n ní Obe-Jọọlá ò sí mọ́. Ẹgbẹ̀ta èèyàn ó lé mẹ́rìnlá tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, wọ́n fẹ́ kó wọn sọdá odò ńlá, sínú ẹkùn ìdìbò mìíràn, lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ bí a ṣe ń di àjẹ̀ mú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pe èmi lọ dìbò, inú ẹkùn Ìlàjẹ àti Ẹ̀sẹ̀-Odò la wà. Ṣọ́jà lọ, ṣọ́jà bọ̀, wọ́n pín ìjọba ìbílẹ̀ wa sí méjì, ẹkùn yẹn ò yẹ̀ lórí wa. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kó wá rò ó ní Ìgbókọ̀dá kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á wọ́gi lé orúkọ wa.

Ìwọ tí o ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì èbúté, tí o ń rí máàpù lójoojúmọ́, bá mi wá ìwé kan tó fi hàn pé a wà. Aṣọ òtútù kọ́ ni mo ń bèèrè lọ́tẹ̀ yìí. Ìwé ni.

Èmi ni ìyá rẹ, Ọmọ́yẹlé, tó ṣì wà.


Aberdeen,
6 Oṣù Kẹrin, 2022.

Ìyé mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí eékún yín náà. Àlàáfíà ni mo wà, iṣẹ́ ń lọ, ojú ọjọ́ ibí ló kàn ń ṣe bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Ẹ bá mi kí Láídì. Edé yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ ẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ibùdó ìdìbò, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́. Láti ìgbà tí ẹ ti bí mi, ẹ ti tú ilé yín palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ ń ru pákó sẹ́yìn, òkun ń tẹ̀lé yín. Kingsley ẹ̀gbọ́n mi ní yàrá ní Àkúrẹ́ tó ti kùn sílẹ̀ dè yín láti ọdún mẹ́ta. Omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, dókítà wà nítòsí. Kí ni ẹ ń ṣọ́ níbẹ̀ yẹn?

Àwọn aṣojú tí ẹ ń dìbò yan lọ sí Àbújá ńkọ́? Ẹ dárúkọ ẹyọ kan fún mi tó ṣe ohun tí ẹ ṣì ń lò títí dòní. Ẹyọ kan péré.

Mo wá ìwé tí ẹ ní kí n wá. Máàpù tó wà lọ́wọ́ wa níbí, àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ni wọ́n yà á fún. Kò kọ orúkọ abúlé wa sí i rí.

Ọmọ yín,
Ìtẹ́.


Obe-Jọọlá,
11 Oṣù Karùn-ún, 2022.

Ìtẹ́,

Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí n má baà fi ìbínú fèsì. Ìbínú náà ò tíì lọ, ṣùgbọ́n Láídì ń lọ sọ́jà lọ́la, mi ò sì lè máa dúró dè é.

O ní kí n dárúkọ aṣojú kan. Jókòó dáadáa. Ìbò àkọ́kọ́ tí mo dì, oyún Kingsley wà nínú mi, ikùn mi ló ṣáájú mi dé iwájú àpótí. Ẹni tí a yàn, Aṣojú Páńpù là ń pè é, torí páńpù omi ló gbé wá. Ọdún méjì la fi mu omi rẹ̀ kó tó di omi iyọ̀. Ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ni Aṣojú Ìlérí, mi ò ní àlàyé ṣe lórí tiẹ̀. Àwọn ṣọ́jà dé, wọ́n lé gbogbo wọn lọ sílé. Nígbà tí wọ́n tún gbà kí a dìbò, Aṣojú Jẹ́tì dé, ó ń fi kọnkéré kọ́ jẹ́tì tí ọkọ̀ yóò máa gúnlẹ̀ sí fún wa, ó kù díẹ̀ kó parí, ṣọ́jà tún dé. Ìdajì jẹ́tì náà la lò, a máa ń fò láti etí rẹ̀ sínú ọkọ̀. Aṣojú Kíláàsì ló kọ́ yàrá méjì tí ìwọ gan-an ti parí ìwé mẹ́fà, níbi tí o ti kọ́ ìwé tí o fi ń bú mi. Aṣojú Iná Oòrùn ló dé gbẹ̀yìn, òun ló ri òpó iná tó ń gba agbára lọ́wọ́ oòrùn.

Ìdí ohun tí wọ́n bá gbé wá náà la máa ń gbé àpótí ìbò sí. Òkun ti gbé gbogbo rẹ̀, mo gbà. Ṣé aṣojú ló pe òkun ni? Títí dòní, bí àwọ̀n apẹja bá há mọ́ nǹkan nísàlẹ̀ omi, wọ́n á ní, “Aṣojú Páńpù ti gbà á,” tàbí “Aṣojú Jẹ́tì ti dì í mú,” gbogbo èèyàn á sì mọ ibi tó wà. Aṣojú Ìlérí nìkan ni àwọ̀n kì í há mọ́ nǹkan rẹ̀.

Wọ́n gbé nǹkan wá torí pé wọ́n ń kà wá mọ́ èèyàn. Bí wọ́n bá kó wa sọdá odò, ìrù ẹran la ó dà, kò sì sí ẹni tó ń bi ìrù léèrè ibi tí ẹran ń lọ. Ẹni tó bá sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́. Sọ fún Kingsley pé kó fi yàrá rẹ̀ háyà.

Ìyá rẹ ni mí síbẹ̀,
Ọmọ́yẹlé.


Aberdeen,
29 Oṣù Karùn-ún, 2022.

Ìyé mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti gba ìbáwí yín, mo sì fẹ́ tọrọ àforíjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ Láídì pé kó ya fọ́tò ìwé ìjọba náà látòkè délẹ̀ fún mi, kí n lè mọ ibi tí mo ti lè ràn yín lọ́wọ́. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan lẹ sọ fún mi, ṣùgbọ́n ojú ìwé méjì ló ní.

Ohun tó wà ní ojú ìwé kejì nìyí, mo sọ ọ́ di Yorùbá fún yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n: àwọn òṣìṣẹ́ dé Obe-Jọọlá ní oṣù kìíní, obìnrin àgbà kan láti abúlé náà, Ìyáàfin Ọmọ́yẹlé, fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn lọ sí ibùdó ìdìbò, omi òkun ni wọ́n bá níbẹ̀, kò sí ilé, kò sí èèyàn.

Ìyé, ẹ̀yin lẹ mú wọn lọ. Oṣù méjì gbáko lẹ fi ń sọ fún mi pé ọ́fíìsì ló fẹ́ pa yín rẹ́. Ẹ bú mi nítorí mo ní kí ẹ jẹ́ kó lọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tiyín ò tiẹ̀ sáré dé ẹnu odò.

Kí ló dé tí ẹ fi gbé wọn lọ sójú agbami? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Ìtẹ́.


Obe-Jọọlá,
3 Oṣù Keje, 2022.

Ìtẹ́ ọma mi,

Òótọ́ ni. Èmi ni mo mú wọn lọ.

Ọkùnrin méjì ni wọ́n, wọ́n mú ẹ̀rọ kékeré kan dání tó ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀ láti mọ ibi tí èèyàn dúró sí. Kọ́lájọ kò sí nílé, ó lọ síbi òkú ní Ugbonla. Wọ́n ní, “Màmá, ẹ fi ibi tí ibùdó ìdìbò yín wà hàn wá.” Kí ni ìwọ ì bá ṣe? O mọ bí a ṣe ń ṣe níbí. Bí òkun bá gbé ilé, a máa ń fi òpó kan sílẹ̀ lóòró níbẹ̀. Ilẹ̀ náà ṣì ń jẹ́ orúkọ onílé, apẹja kankan ò sì gbọ́dọ̀ da àwọ̀n sórí rẹ̀ láì kọ́kọ́ tọrọ gááfárà lọ́wọ́ ọmọ onílé. Ibi tí a gbé nǹkan kalẹ̀ sí ni ibi tó wà. Ibi tí a ti ń dìbò báyìí, lẹ́yìn ilé Kọ́lájọ, ibi tí a sá dé ni. Wọ́n fi ìwé ìjọba dání, mo sì rò pé òtítọ́ ni ìjọba ń fẹ́. Mo wọ aṣọ tó dáa. Mo tù wọ́n dé ibi tí àpótí wà nígbà tí mo kọ́kọ́ dìbò, nídìí páńpù, mo na àjẹ̀ mi sójú omi, mo ní, “Ibí yìí ni.”

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n tẹ ẹ̀rọ wọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an ni. Mo tiẹ̀ di ẹja gbígbẹ fún wọn.

Ọjọ́ tí Kọ́lájọ ka ìwé náà síta, orúkọ mi ló jáde nínú rẹ̀. Ó ní kí n má wá síbi ìpàdé wọn mọ́, kí n má tún lọ ba ohun tó kù jẹ́. Kò sì ṣe é láṣejù. Bàbá bàbá mi, Jọọlá, ló tẹ ibí dó. Ogójì ọdún ni mo fi ń pe orúkọ síta níwájú àpótí ìbò, mo mọ gbogbo wọn bí mo ṣe mọ ìka ọwọ́ mi, ìka kan náà ni mo sì fi pa wọ́n rẹ́. Ojú ń tì mí, Ìtẹ́. Ìdí tí mi ò fi sọ fún ọ nìyẹn.

Bóyá kí n kúkú máa lọ sí Àkúrẹ́ bí o ṣe wí.

Ọmọ́yẹlé.


Aberdeen,
8 Oṣù Keje, 2022.

Ìyé mi,

Ẹ má lọ sí Àkúrẹ́.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo sunkún, nígbà tí mo sì dé ibi ẹja gbígbẹ, mo bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá mi ń wò mí. Ẹ ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi yín, ẹ sì dá wọn lóhùn bí ọmọ Obe-Jọọlá ṣe ń dáhùn. Èmi ni mo ti pẹ́ lájò débi tí mo fi gbàgbé òpó tó dúró lórí ilẹ̀ bàbá mi.

Ẹ gbọ́ o. Fọ́tò wà tí ẹ̀rọ máa ń yà láti ojú ọ̀run, ti ọdún yìí, ti èṣí, títí lọ sẹ́yìn dé ìgbà tí ẹ ò tíì bí mi. Etí òkun hàn nínú wọn. Ilé ò hàn, torí ó kéré jù. Ṣùgbọ́n bí mo bá mọ bí ibi tí àwọ̀n ti ń há ṣe jìnnà síra, màá lè to gbogbo aṣojú yín sórí fọ́tò náà, tẹni tó ṣáájú àti tẹni tó tẹ̀lé e. Mo rántí pé bàbá mi máa ń ka àjẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń lọ ta àwọ̀n, iye ìgbà tó bá fi àjẹ̀ wa omi láti ibì kan dé ibòmíràn. Ṣé ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀ tó mọ iye rẹ̀?

Ẹ tètè fèsì. Oṣù kẹsàn-án ò jìnnà mọ́.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Ìtẹ́.


Obe-Jọọlá,
19 Oṣù Kẹjọ, 2022.

Ìtẹ́ mi àtàtà,

Ta ló sọ fún ọ pé bàbá rẹ ló ń ka àjẹ̀? Èmi ni mo ń kà á. Orin ni òun ń kọ.

Má bínú pé mo pẹ́. Omi ò dákẹ́ láti oṣù tó kọjá, mo sì fẹ́ wà á ní àárọ̀ tí ìgbì ò sí kí iye náà lè péye. Láídì bá mi jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó ń fi ẹfun fa ìlà sára ọkọ̀ fún gbogbo ogún àjẹ̀ tí mo bá kà. Ó ní kí òun gbà á lọ́wọ́ mi, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Apá mi kì í ṣe eékún mi.

Kọ ọ́ sílẹ̀. Láti àtẹ̀gùn ilé mi dé òpó Aṣojú Iná Oòrùn, ọgọ́fà àjẹ̀. Orí òpó yẹn ṣì yọ lójú omi, ẹyẹ ló ń bà lé e. Láti ibẹ̀ dé orí kíláàsì, igba ó lé ọgọ́rin. Láti kíláàsì dé jẹ́tì, igba ó lé ogún. Láti jẹ́tì dé páńpù, ọ̀ọ́dúnrún gééré. Ìlà kan tààrà ni, mo kọjú sí agbami, oòrùn àárọ̀ wà ní èjìká òsì mi, mi ò yà sọ́tùn-ún, mi ò yà sósì. Nígbà tí mo dé ibi páńpù, mo tọrọ gááfárà lọ́wọ́ bàbá bàbá mi kí n tó ju òkúta ìdákọ̀ró sílẹ̀.

Kọ́lájọ dúró sí orí afárá pákó, ó ń wò wá bí a ṣe ń bọ̀. Mi ò kí i.

Apá ń ro mí gan-an ni. Inú mi dùn.

Ìyá rẹ,
Ọmọ́yẹlé.


Aberdeen,
2 Oṣù Kẹsàn-án, 2022.

Ìyé mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú apá.

Ọjọ́ méje ni mo fi jókòó tì í lẹ́yìn iṣẹ́. Mo wọn fífẹ̀ odò ẹ̀yìn lórí fọ́tò, mo fi wé iye àjẹ̀ tí èmi fúnra mi fi ń tù ú kọjá lọ sílé ìwé girama, mo sì fi ìyẹn to gbogbo rẹ̀. Ìyé, ó bára mu. Ohun gbogbo tí ẹ kà bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, létí òkun, lọ́dún tí wọ́n kọ́ ọ, àfi jẹ́tì, tó bọ́ sínú omi. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rántí pé inú omi ni jẹ́tì ń gbé.

Mo fa ìlà pupa kan láti páńpù dé àtẹ̀gùn yín. Kò sí ibi tí ìlà náà ti sọdá odò. Láti ọjọ́ tí ikùn yín ti ṣáájú yín dé iwájú àpótí, ẹ ò kúrò nínú ẹkùn yẹn rí. Abúlé wa ò kú, ó ń rìn ni, a sì mọ gbogbo ibi tó ti sinmi. Ẹ dákun, ẹ dárí jì mí fún ohun tí mo kọ nínú oṣù kẹrin. Ẹ ní kí n wá ìwé wá, ẹ̀yin gan-an ni ìwé náà.

Mo ti fi máàpù náà ránṣẹ́ sí Láídì kó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà fífẹ̀ ní Ìgbókọ̀dá. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbé e lọ. Bí Kọ́lájọ bá kọ̀, ẹ ní èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ìtẹ́ yín.


Aberdeen,
9 Oṣù Kẹwàá, 2022.

Ìyé mi,

Oṣù kẹsàn-án ti parí láti ọjọ́ kẹsàn-án òní. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Fóònù Láídì ò lọ. Kingsley ní òun gbọ́ pé omi kún ní gbogbo agbègbè yín, ọkọ̀ ò sì ná dáadáa. Gbogbo àárọ̀ ni mo ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn òkúta ńlá tí wọ́n fi dí òkun lẹ́nu níbí kọjá, tí mo ń bi ara mi pé kí ló dé tí àwọn tibí fi yẹ lẹ́ni tí a ń ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ ti pa wá rẹ́, ẹ ṣáà kọ̀wé sí mi.

Ìtẹ́.


Obe-Jọọlá,
24 Oṣù Kẹwàá, 2022.

Ìtẹ́olúwakìṣí ọma mi, ọmọ Jọọlá tó fi ọwọ́ kan fa ìlú yọ lókun,

Wá nǹkan gbá mú kí o tó kà á. A borí.

Ẹ́ńjìnnì Láídì ló kú, omi sì kún lóòótọ́, ìdí tí o ò fi gbọ́ nǹkan nìyẹn. Má bínú. Èmi náà ò sùn dáadáa títí mo fi kọ èyí.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án la lọ sí Ìgbókọ̀dá. Mo ti di ẹrù mi pé Láídì ni yóò gbé mi lọ, mo bọ́ sórí afárá, Kọ́lájọ ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tirẹ̀. Kò wo ojú mi. Ó kàn na ọwọ́, ó gba máàpù náà kí n lè rí àyè wọlé, ó sì fi í sí àyà rẹ̀ kí omi má ta sí i títí a fi dé. Ọ̀gá obìnrin kan láti Àkúrẹ́ ló jókòó gbọ́ wa. Ó wo máàpù náà pẹ́. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè fa ìlà sórí pépà. Òun yóò wá fúnra òun.

Ó wá lọ́jọ́ kọkànlá oṣù yìí, òun àti àwọn ọkùnrin méjì àkọ́kọ́. Ojú ti àwọn yẹn láti kí mi, wọ́n ti jẹ ẹja mi tán. Gbogbo abúlé jáde sórí afárá. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ní, “Màmá, níbo ni ibùdó ìdìbò yín wà?”

Mo ní, “Ti ọdún wo?”

Ó gbé gègé sílẹ̀. Ó ní kí n wí ohun tí mo sọ tún. Mo ní ti ọdún wo, torí márùn-ún la ní, mẹ́rin nínú òkun, ọ̀kan lórí ilẹ̀, ẹkùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì wà. Ó wo àwọn ọkùnrin méjì yẹn lójú ràn-ìn, ó ní kí n máa mú òun lọ.

Kọ́lájọ gbé àjẹ̀ ara rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo jókòó síwájú, mo ń kà sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ọgọ́fà, a dé òpó iná, ẹyẹ kan fò dìde lórí rẹ̀. Muzammil da àwọ̀n sínú omi. Nígbà tí mo ka igba ó lé márùndínlọ́gọ́rin, mo ní, “Yóò há báyìí.” Ká tó ka àjẹ̀ márùn-ún, àwọ̀n há, ọkọ̀ dúró gbọin. Ẹ̀rọ àwọn ọkùnrin náà àti máàpù rẹ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. A tú u, a tún lọ. Níbi jẹ́tì, mo tún wí bẹ́ẹ̀, àwọ̀n tún há. Ọ̀gá obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kà á. Nígbà tí a sún mọ́ páńpù, òun gan-an ló ní, “Yóò há báyìí, Màmá.” Ó há.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó béèrè pé báwo ló ṣe máa dá òun lójú pé Obe-Jọọlá ni, kì í ṣe abúlé mìíràn tó rì. Muzammil ò dúró gbọ́ ọ parí, ó ti bẹ́ sómi níbi kíláàsì. Ó pẹ́ nísàlẹ̀ débi tí Láídì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké pè é. Nígbà tó yọ, ó gbé àjákù òkúta ìfilọ́lẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì yín, ìkarahun ti bò ó. Ọ̀gá náà fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún, ó fi ìka tọ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obe-Jọọlá. Abẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ẹkùn wa wà, Ìlàjẹ àti Ẹ̀sẹ̀-Odò. Orúkọ aṣojú fúnra rẹ̀ ti jẹrà, òkun ti jẹ ẹ́. Tiwa ló kù.

Ìwé dé lánàá. Ibùdó wa dúró. Ẹkùn wa kò yẹ̀. Wọ́n ní kí a mú ilẹ̀ tuntun tí wọn yóò kọ sínú ìwé. Kọ́lájọ dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó ní ẹ̀bi òun ni, òun lòun ka ìwé síta tí òun ò sì bi èmi léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n yan ilẹ̀ náà. Ìtẹ́, mo sunkún lójú gbogbo wọn, mi ò sì fi aṣọ bojú.

Èmi ni ìyá rẹ, Ọmọ́yẹlé, tó wà gan-an.


Aberdeen,
26 Oṣù Kẹwàá, 2022.

Ìyé mi, Ìyé mi, Ìyé mi,

Mo ti ka lẹ́tà yín fún gbogbo ọ́fíìsì, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé “ti ọdún wo,” ọ̀gá mi pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti lẹ máàpù wa mọ́ ògiri níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọkọ̀ ńlá. Orúkọ abúlé wa ti wà lára máàpù báyìí.

Ìbéèrè kan ló kù. Níbo lẹ mú?

Mò ń bọ̀ wálé ní oṣù kejìlá. Ẹ gbé edé mi síta.

Ìtẹ́.


Obe-Jọọlá,
27 Oṣù Kejì, 2023.

Ìtẹ́ ọma mi,

Ilé ṣófo láti ìgbà tí o ti padà, ṣùgbọ́n orin tí o ń kọ nígbà tí mo ń ka àjẹ̀ ṣì wà létí mi. Ohùn bàbá rẹ lo jogún, ó ṣe ni láàánú.

A dìbò lọ́jọ́ Sátidé. O rántí bí àwọn èèyàn ṣe kùn nígbà tí mo ri òpó ibùdó sí ẹ̀yìn pátápátá, létí odò, níbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́ ilé sí. Wọ́n ní ó jìnnà. Mo ní ibi tí a ń lọ nìyẹn, kí òkun tó dé, a ó ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ìwé yóò sì ti máa dúró dè wá. Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wọn rìn ín láì kùn. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ẹni tó ń pe orúkọ ka Obe-Jọọlá sókè, mo ní kó tún un kà. Ó rò pé mi ò gbọ́ ni.

Aṣojú tuntun ò tíì di aṣojú tó ti wá kí wa. Kí wọ́n tó dìbò ló ti dé, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ nínú ọkọ̀ méjì, ó ní kí la fẹ́ kí òun gbé wá. Kọ́lájọ tì mí síwájú. Mo sọ fún un nípa òkúta tí wọ́n fi dí òkun lẹ́nu ní ìlú tí o wà. Mo ní kó gbé òkúta wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òkúta ṣòro, ṣé a ò ní kọ́kọ́ gba páńpù.

Mo ní bí kì í bá ṣe òkúta, kó má wulẹ̀ gbé nǹkan kan wá. Ohun tí àwọ̀n wa ń há mọ́ ti tó.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ọmọ́yẹlé, olùdìbò kìíní, Obe-Jọọlá.